INÁ OÒRÙN NÁÀ, ÀJẸṢẸ́KÙ NI

 Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ ó rántí pé ní ìpàdé oṣù tó kọjá, nígbà tí akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ yá owó, ẹni mẹ́sàn-án nínú wọn ló sọ pé iná oòrùn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sólà, ni àwọn fẹ́ fi owó náà rà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i kíá, pé oòrùn kì í gbé bíìlì wá sí ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn gbáà ni, pé àwọn mọ ẹni tí bátìrì tirẹ̀ kò lò ju ọdún kan lọ tó fi di àpótí ìjókòó fún ọmọdé. Kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí, ilẹ̀ ti ṣú, alága sì ti ní kí a gbàdúrà ìparí. Ohun tí ǹ bá sọ lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni ìhà kọ̀ọ̀kan mú lọ́wọ́. Sólà dára, òun ni mò ń lò nílé mi di òní olónìí, òun ni mo sì tan láti fi kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wa ń gbà yá ènìyàn lówó sólà kò dára. Bí a kò bá tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí a ó fi máa lé onígbèsè kiri, tí a ó sì máa dá àwọn onídùúró lóró.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Aṣọ ni mò ń tà, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, èmi àti àwọn ará ilé mi kó lọ sí ilé tí a ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, ní ibi tí ìgboro ti ń bá oko pàdé. Opó iná kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ará àdúgbò ti dá owó opó àti wáyà lẹ́ẹ̀mejì, owó náà kò sì tíì di iná. Mo wá yá 400,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí. Onídùúró méjì fọwọ́ sí i fún mi, a sì fi àdéhùn sí oṣù 24.

Bí mo ṣe ra sólà náà ni kí ẹ gbọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, mo ní, "Ẹ fún mi ní èyí tó máa gbé ilé." Kò bi mí pé kí ló wà nínú ilé. Èmi náà kò sì bi í pé irú ilé wo ni yóò gbé. Ó di ẹrù fún mi: ínfátà 1.5 kVA kan, bátìrì olómi 200Ah méjì, páànẹ́ẹ̀lì 250 wáàtì méjì. Èmi tí n kò jẹ́ já aṣọ fún ènìyàn láìbéèrè pé yáàdì mélòó ló fẹ́, èmi náà ni mo ra iná láìwọ̀n.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, bí ọdún ló rí. Fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, fíríìjì kékeré wa ń kùn bí oyin. Nígbà tó di oṣù kẹta, iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní aago 2 òru. Nígbà tó yá, ó di aago 11. Nígbà tó tún yá, ínfátà á ti máa ké kí a tó jẹun alẹ́ tán. Ní oṣù kẹrìnlá, bátìrì méjèèjì kú pátápátá.

Ẹ wo ìṣirò náà: gbèsè oṣù 24, bátìrì oṣù 14. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi san owó òkú bátìrì, tí mo sì tún ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú oṣù mẹ́wàá yẹn náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo tó wà ní nǹkan bíi 185 náírà fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Lítà 3 ni jẹnẹrétọ̀ mi ń mu lálẹ́, ìyẹn lítà 90 lóṣù. Ohun tí mò ń fi 16,650 náírà ṣe di 43,200. Oṣù kan wá wà tí n kò rí owó ẹgbẹ́ san. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró mi, ìyá àgbàlagbà tó ń ta ẹ̀fọ́, ló tú ìdí ìró rẹ̀ tó san án fún mi. Ìyá náà kò bú mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí ẹni pé wọ́n bú mi lójú ọjà lọ.

N kò pe ẹni tó ta ọjà fún mi ní olè o. Ohun tí mo béèrè ló tà fún mi. Èmi ni n kò mọ ohun tí mo ń béèrè.

OWÓ TÓ WỌLÉ, OWÓ TÓ JÁDE

Ẹni tó là mí lójú ni oníná kan tó wá wo òkú bátìrì náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Páànẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ilé yín, òun ni owó tó ń wọlé. Bátìrì ni àpótí tí ẹ ń kó o sí. Fáànù, gílóòbù àti fíríìjì ni ẹnu tó ń jẹ. Ẹ ń pa 1,400 lójúmọ́, ẹ sì fẹ́ máa ná 3,250. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹ́kù nínú àpótí?" Mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ìṣirò rẹ̀, nítorí gbogbo wa la lè ṣe é. Ẹni tó bá ń ra iná sí mítà mọ yúníìtì. Yúníìtì 1 ni iná 1,000 wáàtì tí a lò fún wákàtí 1. Fáànù 70 wáàtì tó bá fẹ́ fún wákàtí 10 ti jẹ 700, kò tíì pé yúníìtì kan. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì tí a fi lọ aṣọ fún wákàtí kan ti jẹ yúníìtì kan odindi. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn.

Wàyí o, iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn páànẹ́ẹ̀lì, ibi ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó le bí oòrùn ọ̀sán gangan, tí ara páànẹ́ẹ̀lì náà kò sì gbóná ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ. Ta ló rí irú òrùlé bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ wa? Lórí páànù tiwa, ara páànẹ́ẹ̀lì máa ń gbóná tó 60 lọ́sàn-án, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Nínú 100 wáàtì, nǹkan bíi 12 ti bá ooru lọ. Eruku ọyẹ́ á mú tirẹ̀, wáyà á mú tirẹ̀, bátìrì àti ínfátà á mú tiwọn. Bí ẹ bá ka 70 nínú 100, ẹ kò tan ara yín jẹ.

Oòrùn náà kì í sì í le bákan náà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí a bá kó oòrùn ọjọ́ kan jọ, ó máa ń tó wákàtí 4 sí 5 ti oòrùn ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run ń ṣú, ó lè má ju wákàtí 3 lọ. Páànẹ́ẹ̀lì 250 méjì jẹ́ 500. 500 lọ́nà wákàtí 4 jẹ́ 2,000. Ẹ mú 70 nínú 100 rẹ̀, ó di 1,400. Ní oṣù kẹjọ, 1,050 péré ni. Òun ni mo fi ń wá ọ̀nà láti bọ́ odindi ilé.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ohun tí ilé mi ń jẹ lójúmọ́ nìyí, bí oníná náà ṣe kọ ọ́ fún mi sínú ìwé:

Gílóòbù 6, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 300.
Fáànù 2, wáàtì 70 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 8: 1,120.
Tẹlifíṣọ̀n 1, wáàtì 50, wákàtí 5: 250.
Fóònù àti rédíò: 80.
Fíríìjì kékeré, tọ̀sán tòru: nǹkan bíi 1,500.
Àpapọ̀: 3,250.

Ẹ wò ó dáadáa. Fíríìjì nìkan jẹ tó ìdajì. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, 1,750 ló kù. Ilé tí kò ní fíríìjì àti ilé tó ní fíríìjì kì í ṣe ilé kan náà lójú sólà, bí yàrá wọn tilẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba.

Páànẹ́ẹ̀lì ńlá 550 wáàtì kan, bí a bá fi oòrùn oṣù kẹjọ wọ̀n ọ́n, yóò pa nǹkan bíi 1,155. Méjì yóò pa 2,310, ó tó fún ilé tí kò ní fíríìjì, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Mẹ́ta yóò pa 3,465, ó kan tó fún ilé tèmi pẹ̀lú fíríìjì. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ máa fi ṣe ìṣirò, ẹ má fi oṣù kejì ṣe é. Ẹni tó bá fi owó ọjà ọdún Kérésì ṣe ìṣirò ìnáwó gbogbo ọdún, oṣù kìíní ni ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé ínfátà 1.5 kVA kì í gbé 1,500 wáàtì. Ẹ kà á sí 1,200. Fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi a sì máa já agbára gbà nígbà tí wọ́n bá ń gbéra, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń jẹ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ínfátà kékeré ṣe ń ké tó sì ń kú nígbà tí ẹ̀rọ omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ta. Ní ti kẹ́tùlù àti ohun ìdáná oníná, ẹ jẹ́ kí gáàsì tàbí èédú máa ṣe iṣẹ́ yẹn lọ. Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná, ọ̀tá bátìrì ni.

BÁTÌRÌ NI Ọ̀RỌ̀ WÀ

Páànẹ́ẹ̀lì tó bá jẹ́ ojúlówó lè lo ọdún 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ilé. Bátìrì ni í sọ ènìyàn di onígbèsè.

Bátìrì olómi 200Ah oní fóólìtì 12 gba 2,400. Méjì gba 4,800. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ká jẹ, ká fi ìdajì sílẹ̀. Àwa tí à ń jẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ: ẹ jẹ, kó ṣẹ́kù. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú bátìrì náà. Bí kò bá kún fún ọjọ́ pípẹ́, nǹkan funfun kan á máa dì mọ́ òjé náà lára, yóò le gbandi, bátìrì kò sì ní gba iná mọ́. Ohun tó pa tèmi nìyẹn. Kì í ṣe pé mo ń jẹ ẹ́ kan egungun lálaalẹ́ nìkan, páànẹ́ẹ̀lì méjì tí mo gbé síbẹ̀ kò lè mú un kún kí alẹ́ tó tún lẹ́. Omi rẹ̀ náà ńkọ́? Oṣooṣù ló yẹ ká máa ṣí i wò. Omi bátìrì ni ká sì bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá.

Bátìrì olómi tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 3 sí 5. Irú kejì ni lítíọ́mù. Èyí tó wọ́pọ̀ fún ilé jẹ́ fóólìtì 51.2, 100Ah, ìyẹn 5,120. A lè jẹ 80 nínú 100 rẹ̀, nǹkan bíi 4,100, kò sì ní bínú. Kò béèrè omi, bó bá sì jẹ́ ojúlówó, ó lè sìn wá tó ọdún 10. Ó wọ́n ju olómi lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ pín owó rẹ̀ sí iye ọdún tí yóò lò, kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Nígbà tí mo san gbèsè àkọ́kọ́ tán, mo fi owó pamọ́ títí di ọdún 2024. Mo wá ra páànẹ́ẹ̀lì 550 mẹ́ta àti bátìrì lítíọ́mù kan, ìdajì owó náà láti inú àfipamọ́ mi, ìdajì ẹ̀yáwó. Iná kì í kú mọ́ lóru. Síbẹ̀, bí oòrùn bá kọ̀ tí kò jáde fún ọjọ́ méjì mẹ́ta ní oṣù kẹjọ, a máa ń pa fíríìjì, a sì ń lo fáànù kan dípò méjì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ṣì wà ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ta tiyín lọ́jọ́ tí ẹ ra sólà, ọjà ló fẹ́ tà.

FÚN ÀWA ỌLỌ́JÀ

Ìyá kan wà láàrin wa tó ń ta ẹja tútù. Nígbà tó fẹ́ ra sólà, wọ́n kọ iye bátìrì tí yóò gbé fírísà rẹ̀ mọ́jú fún un, owó náà sì tó ra ilẹ̀. Kò rà á. Ohun tó ṣe ni pé ó ra páànẹ́ẹ̀lì púpọ̀ àti bátìrì díẹ̀. Láti aago 9 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni fírísà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó kó ike omi kún gbogbo àyè tó ṣófo nínú rẹ̀, omi náà á dì gbagidi kí oòrùn tó wọ̀. Lálẹ́, ó pa á, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn bo orí rẹ̀ àti ìhà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yìnyín ni bátìrì rẹ̀. Ẹja rẹ̀ kì í yọ̀.

Ọgbọ́n kan náà ló wà fún ẹni tó ní kànga ẹ̀rọ: ẹ fa omi sí táǹkì lọ́sàn-án, omi inú táǹkì ni bátìrì yín. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ kó aṣọ tí ẹ fẹ́ lọ̀ jọ di aago 12, nígbà tí páànẹ́ẹ̀lì ń pa iná tí bátìrì ti yó. Iná ọ̀sán tí a kò lò kò sí ẹni tí yóò san án padà fún wa, nítorí pé a kò so mọ́ wáyà ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìlọta ńlá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sólà ilé tàn yín. Ìyẹn níye tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí iná ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa, ẹ fara balẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó ń rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 fún yúníìtì kan, gbogbo ayé sì pariwo. Síbẹ̀, ilé tó ń jẹ bíi tèmi yóò lo nǹkan bíi yúníìtì 97 lóṣù. Ní iye yẹn, kò ju 22,000 náírà lọ. Kò burú tó owó epo jẹnẹrétọ̀ mi. Bí iná bá ń wá, ó lè jẹ́ bátìrì àti ínfátà kékeré nìkan lẹ nílò fún wákàtí tó bá lọ. Ẹni tí kò ní opó rárá, tàbí tí opó rẹ̀ dúró bí igi gbígbẹ, òun ni ọ̀rọ̀ sólà kàn gan-an.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Páànẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì tòótọ́ gùn ju mítà 2 lọ, ó fẹ̀ ju mítà 1 lọ, ó sì wúwo tó kílò 25 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá lè fi ọwọ́ kan gbé e, irọ́ ni nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì olómi ńlá tòótọ́, tí omi bá ti wà nínú rẹ̀, wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ẹ gbé e wò. Èyí tó fúyẹ́, òjé inú rẹ̀ kò pé.

Ẹ wo wáyà. Ínfátà oní fóólìtì 24 tó bá ń gbé 1,500 wáàtì ń fa ju 60 áńpì lọ láti inú bátìrì. Wáyà tín-ín-rín yóò gbóná, yóò sì gbiná. Ẹ rí i pé bírékà tàbí fíùsì wà láàrin bátìrì àti ínfátà, kó sì jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì, nítorí pé bírékà ara ògiri ilé lè má pa á. Ẹ má gbé bátìrì olómi sínú yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ má sì tan àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè bú gbàmù.

Apá gúúsù ni kí páànẹ́ẹ̀lì kọjú sí nílẹ̀ wa, kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́. Òjìji igi máńgòrò tàbí ti táǹkì tó bá bo igun kan péré lè dín agbára gbogbo rẹ̀ kù. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kùtù, kó tó gbóná.

Bátìrì olómi tó bá kú, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra àlòkù fọ́ ọ nínú ọgbà yín, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ́ òjé rẹ̀ lórí iná. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi wá wúrà pa ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọdé. Òjé kan náà ló wà nínú bátìrì.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, a kì í ṣe oníná. Ká yá ènìyàn lówó, kó san án padà, ó tán." Èsì mi ni pé kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dé ilẹ̀ yìí ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ onígi kòkó ti ń para pọ̀ ta kòkó wọn. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n para pọ̀ lé lórí. Wọ́n jọ kọ́ bí a ṣe ń mú kòkó tó dára jáde, kí oníbárà má baà fi kòkó burúkú kan rẹ́ gbogbo wọn jẹ. Ọmọ wọn ni wá. Bí ẹ̀yáwó bá bàjẹ́, ta ni yóò san án? Àpò gbogbo wa ni, àti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó dúró fún ènìyàn.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò wa.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yáwó sólà láìkọ ohun tó wà nílé rẹ̀ àti wákàtí tó ń lò ó sínú ìwé, bí mo ṣe kọ tèmi sókè yìí. Ojú ìwé kan péré ni.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ wá oníná kan tó mọ iṣẹ́ náà, tí kì í ta ọjà, ká máa san owó ọ̀yà fún un láti ṣe àyẹ̀wò ìwé náà àti ẹrù náà. Ẹni tó ń ta bátìrì kò lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ iye bátìrì tí a nílò.

Ẹ̀kẹta, ká para pọ̀ rà. Ẹni mẹ́sàn-án tó fẹ́ ra páànẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ lọ ná ọjà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹgbẹ́ san owó fún òǹtajà tààrà, kó gba rìsíìtì àti ìwé wárántì, kó sì dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà dúró fún oṣù mẹ́ta, títí a ó fi rí i pé ẹrù náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ọjọ́ gbèsè má ṣe gùn ju ọjọ́ bátìrì lọ. Oṣù 18 fún bátìrì olómi, oṣù 36 fún lítíọ́mù. Bí owó oṣù bá pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ ra olómi, kó ra kékeré tí agbára rẹ̀ ká. Gílóòbù mẹ́rin àti fáànù kan tó ń ṣiṣẹ́ dára ju ilé ńlá tó ṣókùnkùn lọ.

Ẹ̀karùn-ún, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: lọ́jọ́ tí ènìyàn bá san gbèsè sólà tán, kó má ṣe dáwọ́ owó dúró. Kó máa dá ìdajì rẹ̀ lóṣooṣù sí owó bátìrì, lórí ojú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bátìrì yóò kú lọ́jọ́ kan, kò sí àdúrà tó lè yẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni pé kí owó òmíràn ti wà nílẹ̀ dè é.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ẹ wo káàdì mi lọ́dọ̀ akápò, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní ti ìyá tó san owó oṣù fún mi lọ́jọ́sí, mo ti dá a padà fún un, èmi náà sì ni mo dúró fún un nígbà tó fẹ́ ra sólà tirẹ̀: páànẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì kékeré kan, gílóòbù mẹ́ta, fáànù kan. A kọ́kọ́ jókòó, a wọ̀n ọ́n. Iná rẹ̀ kò tíì kú lálẹ́ ọjọ́ kan rí.

Oòrùn kì í gba owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń gbà á pamọ́ ń gba owó. Ẹ jẹ́ ká jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni mẹ́sàn-án náà má baà rin ọ̀nà tí mo rìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ire o.